Orin ń yí lójú kọ̀ǹpútà, afẹ́fẹ́ dákẹ́: bí ẹ ṣe lè wá ohùn tó sọnù lẹ́yìn update

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni fóònù mi dún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọkùnrin tó máa ń ṣí ilé iṣẹ́ rédíò tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ló pè. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú pé mo jí yín. Orin ń lọ lójú kọ̀ǹpútà o, àmọ́ rédíò dákẹ́ lọ́lọ́." Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà, kó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Sà, mo ń gbọ́ nǹkan kan bíi kòkòrò lẹ́yìn síkíríìnì."

Kì í ṣe kòkòrò. Orin ìwúre tó yẹ kí ará ìlú fi jí ló ń jáde láti inú sípíkà kékeré tó wà lára síkíríìnì. Kọ̀ǹpútà ti ṣe update lóru, ó ti pa ara rẹ̀, ó ti tan ara rẹ̀, ó sì ti pinnu pé síkíríìnì ni kí ohùn máa gbà jáde. Sáúǹdì kádì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde láti inú kọ̀ǹpútà, tí wáyà rẹ̀ lọ sí míkísà tó ń pa ohùn pọ̀ kó tó lọ sáfẹ́fẹ́, wà níbẹ̀ digbí. Kò kàn sí ohun tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i mọ́ ni.

Mo ti rí irú èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: lẹ́yìn update, sáúǹdì kádì kì í sábà kú. Orúkọ rẹ̀ ló yí padà, tàbí àyè rẹ̀, tàbí àṣẹ tí Windows fún un. Sọ́fítíwíà tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ ṣì ń pe orúkọ àná, ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn. Nítorí náà, ẹ má yára yọ sọ́fítíwíà kúrò, ẹ má sì tíì sáré lọ ra kádì tuntun. Ibi tí ohùn ti dúró ni kí ẹ wá.

Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan kan sáfẹ́fẹ́

Olùgbọ́ kì í dúró de onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí rédíò bá ti dákẹ́, á yí i síbòmíràn, ẹni tó sanwó ìpolówó aago mẹ́fà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ẹ mú fóònù tí orin wà nínú rẹ̀, ẹ fi sí airplane mode kí ìpè má bàa já wọ afẹ́fẹ́, ẹ ki wáyà bọ ihò íápíìsì rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ àyè tó bá ṣófo lára míkísà. Bí fóònù náà kò bá ní ihò íápíìsì, bí ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí ṣe rí, laptop èyíkéyìí á ṣe é. Bí míkísà yín bá ní ihò fíláàṣì, ẹ ti fi wákàtí mẹ́ta orin àti jingle sínú fíláàṣì kan, kí ẹ ti fíláàṣì náà bọ ihò yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ ọ́ láé.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá wà nílé náà lè ṣí máìkì. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, máìkì kò gba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Míkísà ló ń lọ tààrà. Bí máìkì bá dún lórí afẹ́fẹ́, ẹ ti mọ nǹkan pàtàkì kan pẹ̀lú: míkísà, tránsímítà àti ohun gbogbo tó wà láàárín wọn sàn. Kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ń bá jà.

Ẹ wo iná tó ń jó

Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ wo ojú sọ́fítíwíà, yálà ZaraRadio ni, RadioDJ, Jazler, mAirList tàbí òmíràn. Ṣé orin ń lọ, tí àmì tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn sì ń jó? Ẹ wá wo iná orí míkísà níbi tí kọ̀ǹpútà ti wọlé.

Tí ti sọ́fítíwíà bá ń jó, tí ti míkísà kò sì mira, ohùn ń lọ síbòmíràn: síkíríìnì, sípíkà inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tàbí kádì kejì. Ẹ fi hẹ́dífóònù yẹ ihò kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ẹ ó pàdé orin náà níbi kan.

Tí orin bá ń fò láti ọ̀kan sí èkejì láìdúró, tàbí tí sọ́fítíwíà bá ń sọ pé òun kò lè ṣí device, ó ń pe kádì tí kò rí mọ́.

Tí iná méjèèjì bá ń jó, àmọ́ tí ohùn ń ya, tó ń gé, tàbí tó fẹ́lẹ́ bíi pé inú agolo ló ti ń wá, ètò inú Windows ló yí padà. Ẹ fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ tí Windows ń fi sọ́bẹ̀.

Ẹ pe kádì lórúkọ

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ mmsys.cpl, kí ẹ tẹ Enter. Ojú ewé Sound àtijọ́ á ṣí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Settings lọ nítorí gbogbo nǹkan ló wà lójú kan, ó sì rí bákan náà lórí Windows 10 àti 11. Ẹ dúró sí Playback, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún màúsì sí àyè tó ṣófo, kí ẹ fi àmì sí Show Disabled Devices àti Show Disconnected Devices. Nígbà míràn kádì tí ẹ ń wá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, update ló pa á. Ẹ tẹ Enable, ó tán.

Ẹ wò ó bóyá kádì tó lọ sí míkísà ni àmì àwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ yàn án, kí ẹ tẹ Set Default. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí rẹ̀, kí ẹ yan Test. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ìdánwò náà nínú míkísà, Windows ti ṣe ipa tirẹ̀. Sọ́fítíwíà ló kù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀ síbí. Ọ̀pọ̀ kádì USB olówó pọ́ọ́kú tí a ń lò ní ilé iṣẹ́ rédíò kéékèèké kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Ihò USB tí wọ́n wà ni Windows fi ń dá wọn mọ̀. Behringer UCA202, fún àpẹẹrẹ, kò ní kọ Behringer síbẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni "Speakers (USB Audio CODEC)". Bí update bá fi driver (sọ́fítíwíà kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo kádì) sí i lákọ̀tun, tàbí bí ẹnìkan bá yọ ọ́ tó sì kì í bọ ihò míràn, Windows lè kà á sí àlejò, kó sì kọ "Speakers (2- USB Audio CODEC)". Lójú wa, ìkan náà ni. Lójú sọ́fítíwíà tó tọ́jú orúkọ àná, ọ̀tọ̀ gbáà ni. Bí ẹ bá wá ní irú kádì náà méjì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́, ọ̀kan fún gbígbọ́ orin sílẹ̀ kó tó jáde, àwọn méjèèjì lè gbàpò ara wọn. Orin tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń dán wò nínú hẹ́dífóònù á wá máa jáde fún gbogbo ìlú.

Ẹ fún wọn lórúkọ tí ojú ò ní ṣì mọ̀. Ẹ tẹ kádì náà lẹ́ẹ̀mejì, ní ojú ewé General, ẹ pa "Speakers" rẹ́, ẹ kọ ON AIR. Ẹ pe èkejì ní CUE. Ẹ wá wọ ibi tí wọ́n ti ń yan device nínú sọ́fítíwíà yín, ẹ yan ON AIR fún ohun tó ń lọ sáfẹ́fẹ́, CUE fún ìdánwò, ẹ pa á mọ́, ẹ ti sọ́fítíwíà náà pátápátá, kí ẹ tún un ṣí. Àwọn kan nínú sọ́fítíwíà wọ̀nyí máa ń ka kádì nìkan nígbà tí wọ́n bá ń ṣí, nítorí náà ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ má fi Default sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Default ni Windows máa ń kó kiri bó bá ṣe wù ú.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ lẹ téèpù mọ́ wáyà USB kọ̀ọ̀kan àti ihò tó wọ̀, kí ẹ kọ A sí méjèèjì, B sí méjèèjì. Ẹni tó bá wá gbálẹ̀, tó yọ wáyà, á mọ ibi tó máa dá a padà sí.

Iyọ̀ tí Windows ń fi sọ́bẹ̀

Update ńlá lè dá àwọn ètò kan padà sí bí wọ́n ṣe wà ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fún ẹni tó ń wo fíìmù nílé, kò burú. Fún rédíò, ó burú.

Ní Properties kádì ON AIR, ẹ lọ sí Advanced. Ẹ yan 44100 Hz tàbí 48000 Hz (iye ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), èyíkéyìí tí sọ́fítíwíà àti àwọn ẹ̀rọ yòókù yín ń lò, kó jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì lè mú kí ASIO, ọ̀nà tí àwọn sọ́fítíwíà kan fi ń bá kádì sọ̀rọ̀ tààrà, kọ̀ láti ṣí kádì, ó sì lè mú kí ohùn máa ta páú páú. Ojú ewé kan náà ni àpótí méjì tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà kan gba kádì fún ara rẹ̀ nìkan wà. Tí ẹ̀rọ tó ń gbé yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti sọ́fítíwíà orin bá jọ ń lo kádì kan, ẹ mú àmì kúrò nínú àpótí méjèèjì, kí ọ̀kan má bàa ti ìlẹ̀kùn mọ́ èkejì.

Ẹ pa gbogbo enhancements, ẹ pa spatial sound, àwọn àfikún tí Windows fi ń yí ohùn padà. Loudness equalization tí wọ́n ṣe fún laptop á máa fa ohùn sókè, á máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ti wà níwájú tránsímítà yín.

Ẹ padà sí ojú ewé Sound, ẹ lọ sí Communications, kí ẹ yan Do nothing. Bí ó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀ ni pé tí ìpè bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà, kí Windows dín ohùn yòókù kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń gba àlejò sórí ètò láti orí kọ̀ǹpútà kan náà tó ń kọrin á rí i tí orin á kàn rì wọlẹ̀ lójijì, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Ní Sounds, ẹ yan No Sounds. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbọ́ "tín-ín" Windows láàárín ìkéde òkú.

Tí ohun tó ń wọlé bá ni kò dún

Èyí ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nítorí orin ń jáde dáadáa. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, fáìlì wà, gígùn rẹ̀ pé, àmọ́ kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Tàbí kí rédíò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ nígbà tí FM ń dún.

Láti ẹ̀dà 1803 ti Windows 10, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ni bọ́tìnì tó ń dáàbò bo máìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn sọ́fítíwíà àtijọ́ náà. Ohun tó ń tan ènìyàn ni pé wọ́n pè é ní Microphone, bẹ́ẹ̀ line-in tí míkísà gbà wọlé náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, Privacy, Microphone, kí ẹ tan gbogbo bọ́tìnì ibẹ̀, títí kan èyí tó sọ pé kí desktop apps lè lo máìkì. Ẹ wá padà sí mmsys.cpl, ojú ewé Recording, kí ẹ wo bóyá ìlà àwọ̀ ewé ń gòkè nígbà tí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀.

Tí kádì kò bá sí níbẹ̀ rárá

Ẹ tẹ Restart ná, kì í ṣe Shut down. Pẹ̀lú fast startup, Shut down kì í pa ohun gbogbo tán. Ó máa ń fi apá kan Windows pamọ́, á sì tún un jí bó ṣe wà. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ó bá kọ̀, ẹ tún tẹ Windows àti R, ẹ kọ services.msc, kí ẹ tún Windows Audio àti Windows Audio Endpoint Builder bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí devmgmt.msc (Device Manager), kí ẹ wá àmì ìyanu ofeefee lẹ́gbẹ̀ẹ́ kádì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ka ohun tó kọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, update ààbò kan fún Windows mú kí àwọn ẹ̀rọ ohùn USB kan dákẹ́, pàápàá àwọn tó ń lo driver USB audio 1.0, Code 10 (pé ẹ̀rọ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Kádì ò bàjẹ́. Microsoft gbà pé update ló fà á, wọ́n sì tún un ṣe nínú update tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti ju kádì rẹ̀ nù kó tó di ìgbà náà ti ju kádì tó sàn nù.

Nínú ojú ewé Driver, ẹ gbìyànjú Roll Back Driver. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ yan Update Driver, Browse my computer, Let me pick, kí ẹ yan èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kádì náà fún yín. Update máa ń fi driver gbogbogbòò ti Windows rọ́pò rẹ̀ nígbà míràn. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi nínú iṣẹ́ yìí pé kí driver kádì wọn wà lórí fíláàṣì nínú dúrọ́ọ̀. Kò dára kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti dákẹ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá data.

Kádì tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, tó kú, tó sì jí nígbà tí ẹ yọ ọ́ tí ẹ tún un kì, ọ̀rọ̀ iná ni. Windows ń gba iná lọ́wọ́ USB láti fi ṣọ́ iná lò. Ní Power Options, ẹ pa USB selective suspend; ní Device Manager, ẹ ṣí USB Root Hub kọ̀ọ̀kan, Power Management, kí ẹ mú àmì kúrò nínú àpótí ibẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ẹ yọ update náà: Windows Update, Update history, Uninstall updates. Tí ó bá jẹ́ update ńlá tó yí ẹ̀dà Windows padà, Go back wà ní Recovery, àmọ́ ọjọ́ 10 péré ni wọ́n fún yín. Nínú ọjọ́ 10 náà, ẹ lè fi àṣẹ kan nà án títí dé ọjọ́ 60 nínú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator: DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60.

Fún àwọn ará Linux

Àwọn tó ń lo Rivendell, sọ́fítíwíà rédíò ti Linux, kò bọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Tí kernel (ọkàn Linux) bá yí padà, driver kádì AudioScience tí a kọ́ fún kernel àná kì í ṣiṣẹ́ mọ́, àfi kí a tún un kọ́. Kádì USB lè fi ipò 0 sílẹ̀ bọ́ sí 1. Ẹ kọ cat /proc/asound/cards kí ẹ rí bí wọ́n ṣe tò, kí ẹ sì lo orúkọ kádì dípò nọ́ńbà nínú fáìlì asound.conf. Ẹ ṣí alsamixer: bí MM bá wà lábẹ́ ìlà kan, ó ti di ẹnu rẹ̀, lẹ́tà M ló ń ṣí i, alsactl store ló sì ń jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Kí ó má tún ṣẹlẹ̀ láàárọ̀

Kọ̀ǹpútà tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ kò yẹ kó máa dá ṣe update. Ní Windows Pro, ẹ ṣí gpedit.msc, Windows Update, Configure Automatic Updates, kí ẹ yan nọ́ńbà 2, kó máa béèrè kó tó gba nǹkan kan wọlé. Níbẹ̀ náà lẹ ó ti rí àṣẹ tó sọ pé kó má kó driver mọ́ update. Ẹ tan án. Windows Home kò ní gpedit, àmọ́ ẹ lè dá update dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sàmì sí íntánẹ́ẹ̀tì yín pé metered ni. Ohun kan náà tí a fi ń ṣọ́ data wa á bá yín dá ọ̀pọ̀ update dúró.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má ṣe update rárá. Windows 10 ti kúrò lábẹ́ àbójútó Microsoft láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì máa bọ́ sí Windows 11 láìpẹ́ bí wọn kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yan òru tí ètò kò pọ̀. Ẹ fi orin sórí kọ̀ǹpútà kejì kó máa lọ sáfẹ́fẹ́. Ẹ fi Clonezilla, sọ́fítíwíà tó ń ṣe ẹ̀dà dísíkì, tọ́jú ẹ̀dà gbogbo dísíkì sílẹ̀. Ẹ rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, UPS sì kún, nítorí iná tó bá lọ láàárín update lè ba ohun tó ju sáúǹdì kádì lọ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ bọ́tìnì.

Ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí wọ́n ti ń yan device nínú sọ́fítíwíà yín nígbà tí ohun gbogbo ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ọjọ́ Ajé yẹn, bébà yẹn ni ọmọkùnrin náà fi tún un ṣe fúnra rẹ̀ nígbà kejì. Kò pè mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó pè, ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n tan rédíò inú mọ́tò mi, kí n bá òun gbọ́ ọ bóyá ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ń dún bákan náà.